Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní Àbújá

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀, òfin iṣẹ́ ọba sì ka pípẹ́ dé lemọ́lemọ́ sí ìwà àìtọ́. Síbẹ̀, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ nìkan ló ń fà á. Láti ìgbà tí Àbújá ti di olú-ìlú ní 1991, ọ̀wọ́n ilé ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ sí Nyanya, àti sí Mararaba tó wà ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ọ̀nà Keffi ni wọ́n ń gbà wọ ìlú. Ọkọ̀ ojú irin ìlú náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹni tó jí ní ìdájí pàápàá lè pẹ́. Ìjìyà kò lè sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú.