Akinfenwa: Ẹni Tó Wáṣẹ́ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá FIFA, ẹ mọ Adebayo Akinfenwa, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, tí agbára rẹ̀ pọ̀ nínú géèmù yẹn. Orí pápá ńkọ́? Ní líìgì ìsàlẹ̀ England, àdéhùn ọdún kan tàbí méjì ló wọ́pọ̀. Tó bá ti parí, kó o wá ibòmíràn.

Ní oṣù Karùn-ún 2016, ó gbá pẹnáritì wọlé ní Wembley, Wimbledon gòkè sí League One, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ò níṣẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún 34 ni! Ló bá sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí kóòṣì tó bá fẹ́ òun kàn sí òun lórí WhatsApp. Ayé rẹ́rìn-ín, àwàdà ni, òótọ́ sì ni.

Wycombe ló mú un. Ní 2020, ó bá wọn wọ Championship, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn.