Ẹ má lé e kúrò ní kíláàsì: Òfin wà lẹ́yìn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù àti ADHD

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, kò tíì lè sọ gbólóhùn kan já gaara. Bí wọ́n bá pè é, kò ní wẹ̀yìn. Ìdérí ìgò ni yóò máa tò ní ìlà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bí ẹnikẹ́ni bá sì tú u ká, igbe ni yóò máa ké. Òmíràn ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè jókòó: tísà kò tíì kọ̀wé dé ìdajì pátákó tí yóò ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn kan á ní emèrè ni, àwọn mìíràn á ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́. Wọ́n á fi pankẹ́rẹ́ tọ́ ọ títí, nígbẹ̀yìn hẹ́dímasítà á ní kí wọ́n máa mú un lọ sílé.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti emèrè. Wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́ ní ọ́tísíìmù, ti èkejì ní ADHD. Ọ̀nà tí ọpọlọ ọmọ náà ń gbà ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀ láti kékeré. Kì í ràn, pankẹ́rẹ́ kò sì lè tún un ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé òfin wà lẹ́yìn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di dandan fún gbogbo ọmọ, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta ní girama. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó lòdì sí dídẹ́yẹ sí àwọn akàndá ẹ̀dá. Òfin náà sọ ẹ̀kọ́ wọn di ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama, ó sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn. L'Ékòó, òfin tó fara jọ ọ́ ti wà láti 2011.

Ṣùgbọ́n òfin kì í dá rìn. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ná, nítorí ọmọ tí etí rẹ̀ di náà lè má sọ̀rọ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, nítorí ìwé ni ìjọba ń wò. UCH n'Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé. Kí ojú má tì yín. Ọ̀rọ̀ wèrè kọ́ lèyí.

Èkejì, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ wá ẹni tó mọ̀wé kó bá yín kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá náà bu ọwọ́ lu ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní pàtó, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò la owó lọ. Kí ọmọ tí kò lè jókòó wà níwájú, jìnnà sí fèrèsé. Kí wọ́n pín iṣẹ́ rẹ̀ sí kéékèèké, kí wọ́n sì jẹ́ kó dìde rìn díẹ̀ láàárín rẹ̀. Kí wọ́n máa fi àwòrán bá ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n má nà án.

Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ tó lọ bá SUBEB ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Ẹ bá àwọn òbí mìíràn lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí wọ́n fi irú ọmọ yìí sọ́dọ̀ yín, ẹ má tì í mọ́lé nítorí àlejò. Ọmọ tó ń to ìdérí ìgò láìṣì ọ̀kan tò lè kọ́ ìṣirò, bí a bá rí ẹni tí yóò fara balẹ̀ jókòó tì í.