Ẹ̀tọ́-Àṣàyàn àti Ìwé-Ẹ̀tọ́: Èrè àti Ewu Wọn Nínú Òwò Kòkó

Ìfáárà

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé Ìgbìmọ̀ Kòkó ti Nàìjíríà ní ọdún 1986, kò sí ẹni tí ó ń dá iye owó kòkó lé fún àgbẹ̀ Ọ̀wọ̀ mọ́ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà wà, iye kan ni wọ́n ń kéde fún sáà kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìpele, ní Èmùrè-Ilé tàbí ní Òkèlúsè lè ṣírò ohun tí àpò kòkó rẹ̀ yóò mú wọlé. Lónìí, iye tí wọ́n bá pè ní ọjà London àti New York ni àwọn alágbàtà tí ń ra kòkó ń wò kí wọ́n tó sọ tiwọn. Ní New York, tọ́ọ̀nù kòkó tí ó wà ní nǹkan bí 2,500 dọ́là ní ọdún 2022 kọjá 12,000 dọ́là ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ó sì tún wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 7,000 dọ́là kí ọdún 2025 tó parí.

Àwọn oníṣòwò ńlá ń lo irú àdéhùn kan tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní option láti fi dáàbò bo ara wọn nígbà tí iye owó bá ń lọ sókè sódò báyìí. Orúkọ tí Yorùbá bá fún un kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà èdè nìkan. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá fi ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ hàn yàtọ̀ sí ẹni tí dandan dè, ẹni tí ó kà á lè fọwọ́ sí gbèsè tí apá rẹ̀ kò ká.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀

Òwò kòkó ti ní èdè tirẹ̀ tipẹ́. Àsansílẹ̀ ni owó tí alágbàtà ń fún àgbẹ̀ kí kòkó tó gbó. Wọn yóò yọ ọ́ nínú owó ọjà, àgbẹ̀ kò sì lè sọ pé òun kò tà mọ́. Ìdógò ni oko tí àgbẹ̀ fi lélẹ̀ nítorí owó tí ó yá; bí ó bá san gbèsè náà tán, oko rẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí ó bá option mu nínú méjèèjì. Owó tí ènìyàn san láti ní option kì í ṣe ara owó ọjà, kì í sì í padà.

Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ewu sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ wà lórí igi ti wà nínú ewu ná. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí yóò bá a gbé e. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni adójútòfò, nítorí pé owó tí ènìyàn san fún adójútòfò kì í padà bí àdánù kò bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní kòkó kankan pẹ̀lú lè ra option. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó lè di tẹ́tẹ́ gan-an.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ náà mu

Ẹ̀tọ́-àṣàyàn ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ: ẹ̀tọ́ ni, ẹni tí ó ni ín sì lè yàn láti lò ó tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Oríṣi méjì ni. Ẹ̀tọ́-àtirà ń jẹ́ kí ènìyàn lè ra ọjà ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí. Ẹ̀tọ́-àtità ń jẹ́ kí ó lè tà á ní irú iye bẹ́ẹ̀. Iye náà ni iye-àdéhùn. Ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ náà yóò kú ni ọjọ́-ìpẹ̀kun. Owó tí olùra-ẹ̀tọ́ san fún olùta-ẹ̀tọ́ ni owó-ẹ̀tọ́. Olùra nìkan ni ó ní àṣàyàn; bí ó bá ti yàn, dandan ni fún olùta.

Níbi yìí ni ó ti yàtọ̀ sí títa ọjà sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú, níbi tí dandan ti de ìhà méjèèjì. Ní sáà kòkó 2023/24, Gánà ti ta púpọ̀ nínú kòkó rẹ̀ sílẹ̀ kí iye ọjà tó fò sókè. Kòkó tí ó jáde kò tó èyí tí wọ́n ṣèlérí, wọ́n sì ní láti sún apá kan síwájú sí sáà tí ó tẹ̀ lé e. Èrè ìlọsókè náà kò kàn wọ́n lórí èyí tí wọ́n ti tà.

Àpẹẹrẹ kan

Kí á ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀wọ̀ ń retí tọ́ọ̀nù 10, èyí tí í ṣe nǹkan bí àpò 160, tí iye ọjà sì jẹ́ 6,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ẹgbẹ́ náà ra ẹ̀tọ́-àtità ní iye-àdéhùn 5,800 dọ́là. Owó-ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ 300 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, àpapọ̀ rẹ̀ 3,000.

Bí iye ọjà bá já sí 4,500, kòkó yóò mú 45,000 wá, ẹ̀tọ́ náà yóò sì mú 13,000 wá. Nígbà tí wọ́n bá yọ owó-ẹ̀tọ́, 55,000 ni yóò kù. Bí iye ọjà bá gòkè sí 7,500, ẹgbẹ́ náà yóò fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀, yóò ta kòkó ní 75,000, 72,000 yóò sì kù. Bí iye ọjà kò bá yí padà, 3,000 náà ti lọ. Èyí ni gbogbo àdánù tí ẹ̀tọ́ náà lè mú bá ẹgbẹ́.

Ọ̀ràn olùta-ẹ̀tọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Èrè rẹ̀ kò lè ju owó-ẹ̀tọ́ lọ. Kí á ní ẹnì kan tí kò ní kòkó ta ẹ̀tọ́-àtirà lórí tọ́ọ̀nù 10 ní iye-àdéhùn 3,000. Bí iye ọjà bá dé 12,000, gbèsè 90,000 dọ́là ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí iye náà bá sì ń gòkè sí i, gbèsè náà ń pọ̀ sí i. Olùta ẹ̀tọ́-àtità ní ààlà tirẹ̀, nítorí pé kòkó kò lè wálẹ̀ ju òdo lọ. Síbẹ̀ ààlà náà jìnnà.

Ewu mìíràn tún wà fún olùra. Bí iye ọjà bá wálẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́-ìpẹ̀kun, ẹ̀tọ́ tí ó ti kú kò lè gbà á. Tọ́ọ̀nù 10 ni òṣùwọ̀n àdéhùn kan ní London àti New York, èyí sì ju ohun tí àgbẹ̀ kékeré kan ń kórè lọ. Àfi kí wọ́n kó tiwọn pọ̀. Pọ́n-ùn tàbí dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò níbẹ̀, náírà sì ni alágbàtà ń san ní Ọ̀wọ̀. Iye méjèèjì lè má rìn pọ̀.

Ìwé-ẹ̀tọ́

Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní warrant jọ ẹ̀tọ́-àtirà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìpín náà fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ ọ́, ọjọ́ rẹ̀ sì lè gùn tó ọdún púpọ̀. Ìwé-ẹ̀tọ́ ni orúkọ tí ó bá a mu. Nígbà tí wọ́n bá lò ó, ilé-iṣẹ́ yóò dá ìpín tuntun sílẹ̀. Ẹni tí ó ní 100 nínú ìpín 1,000 ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ìpín tuntun 250 bá wọlé, 8 nínú 100 péré ni tirẹ̀ yóò jẹ́. Bí emu tí wọ́n bu omi là ni: igbá kún sí i, adùn rẹ̀ dín kù. Nítorí náà, ìbùlà-ìpín ni orúkọ tí ó yẹ èyí.

Ìwé-ẹ̀tọ́ kan wà tí kò kan ìpín rárá. Nígbà tí Nàìjíríà tún gbèsè tí ó jẹ àwọn báǹkì òkèèrè tò ní ọdún 1992, wọ́n so ìwé-ẹ̀tọ́ mọ́ ìwé-gbèsè tí ọjọ́-ìpẹ̀kun rẹ̀ jẹ́ ọdún 2020. Iye owó epo rọ̀bì ni ó ń pinnu owó tí ìwé-ẹ̀tọ́ náà yóò mú wá fún ẹni tí ó ni ín. Olùkọ̀wé-ẹ̀tọ́, èyí tí í ṣe orílẹ̀-èdè náà, ni dandan dè.

Ìgúnlẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ọjà ìpín-okòwò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ta àdéhùn ọjọ́ iwájú tí ó dá lórí àtòjọ iye ìpín. Ìmọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, kò sì yẹ kí ó bá èdè Yorùbá láìní ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ògbufọ̀ tó tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ kankan, ó yẹ kí ó fi ìbéèrè mẹ́ta dán an wò: ta ni ó ní ẹ̀tọ́, ta ni dandan dè, èló sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè pàdánù? Ọ̀rọ̀ tí kò bá ran òǹkàwé lọ́wọ́ láti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì tó lò nínú ìwé àdéhùn.