65,537: Nọ́mbà tí fóònù fi ń mọ ojú òpó báńkì tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú

Bí oníṣòwò kan ní Deïdo, ní ìlú Douala lórílẹ̀-èdè Cameroon, bá ṣí ojú òpó báńkì rẹ̀, fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá báńkì gan-an ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìbàdàn àti Kútọnu. Nínú ọ̀pọ̀ irú àyẹ̀wò yìí, nọ́mbà kan náà ni wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé: 65,537.

Irú nọ́mbà wo ni?

Bí a bá sọ 256, tí í ṣe iye Odù Ifá, di púpọ̀ lọ́nà 256, a ó rí 65,536. Bí a bá fi 1 kún un, ó di 65,537.

Nọ́mbà àkọ́kọ́ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe irú rẹ̀: yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí odidi nọ́mbà tó lè pín in láìsí ìyókù.

Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ṣọ̀wọ́n: 3, 5, 17, 257 àti 65,537. Bí a bá yọ 1 kúrò nínú ọ̀kan, tí a sọ ìyókù di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, tí a sì dá 1 padà, èyí tó tẹ̀lé e ni a ó rí. Ní 1640, Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà pé gbogbo irú wọn ni yóò jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní 1732, Leonhard Euler fi hàn pé 4,294,967,297, tó tẹ̀lé 65,537, jẹ́ 641 lọ́nà 6,700,417. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà.

Kí ni ìwúlò rẹ̀?

0 àti 1 nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́mbà. Lọ́nà yìí, 65,537 jẹ́ 1, òdo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti 1. Àyẹ̀wò náà ń béèrè pé kí a to nọ́mbà gígùn kan ní ìgbà 65,537, kí a sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀. Nítorí àwọn òdo wọ̀nyẹn, ìsọdipúpọ̀ 17 péré ni fóònù yóò fi parí rẹ̀.

65,537 kì í ṣe àṣírí. Nínú ìlànà RSA, tí Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman gbé kalẹ̀ ní 1977, nọ́mbà àkọ́kọ́ ńlá méjì ni a ń fi pamọ́. Àbájáde ìsọdipúpọ̀ àwọn méjèèjì, tó sábà máa ń gùn tó dígíìtì 617, ni aráyé ń rí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà òde òní kò lè tú u padà sí méjì.

Níbo ni agbára rẹ̀ pin sí?

Orúkọ ojú òpó ni àyẹ̀wò yìí ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ìwà ẹni tó ni ín. Oníjìbìtì lè gba orúkọ tó jọ ti báńkì, kí àmì àgádágodo sì hàn lókè ojúewé rẹ̀. Nítorí náà, kí oníbàárà ka orúkọ ojú òpó náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ PIN rẹ̀. Ẹni tó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ PIN fún àjèjì, kò sí nọ́mbà tó lè gbà á.