Ta Ni Ó Ń Pa Iná? Bí OpenSBI Ṣe Ń Pa Ẹ̀rọ RISC-V

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ètò olùdarí, bí i Linux, ni ó máa ń pa iná kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ RISC-V tí ó ń lo OpenSBI, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ipò S ni Linux wà. Ipò M, tí ó ga jù ú lọ, ni OpenSBI wà. Nígbà tí Linux bá ti kó àwọn fáìlì pamọ́, tí ó sì ti dá àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ yòókù dúró, ìtọrọ ni ó kù fún un: yóò fi àṣẹ ecall ké sí ẹni tí ó wà lókè.

Ẹ̀ka SRST, tí ó wọ inú ìlànà SBI ní ẹ̀dà 0.3, ni ìtọrọ náà ń gbà. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 0x53525354, èyí tí í ṣe lẹ́tà S, R, S àti T gan-an ní ìlànà ASCII. Ìpè àtijọ́, nọ́ńbà 8, kò mọ̀ ju pípa lọ. SRST ń bèèrè irú ohun tí a fẹ́ (0 fún pípa, 1 àti 2 fún títún ẹ̀rọ tàn) àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá yọrí, ìpè náà kò ní padà. Ìkùnà nìkan ni ó ń fèsì.

Ṣùgbọ́n OpenSBI pàápàá kò mọ ibi tí iná wà. Pátákó kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ àfarawé «virt» ti QEMU, kíkọ 0x5555 sí àdírẹ́sì 0x100000 ti tó. Ìrọ̀rùn yìí a máa tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Lórí HiFive Unmatched, ṣíìpù DA9063 ni ó ń pín iná, wáyà I2C ni a sì ń gbà bá a sọ̀rọ̀. Wáyà kan náà ni Linux ti ń lò fún iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìpè bá dé nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ṣì wà ní agbedeméjì lórí wáyà, àṣẹ pípa lè má dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù rárá. OpenSBI a máa ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ DA9063, kí ó tó pàṣẹ fún un.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, OpenSBI a fi ọpọlọ ẹ̀rọ sínú àyípo wfi tí kò lópin. Òǹlò yóò rò pé ẹ̀rọ ti kú, bẹ́ẹ̀ iná ṣì ń wọlé.