Láti Èkó Dé Accra Nínú Bàálù: Wákàtí Mélòó Ni?

Látìgbà tí mo ti ti Accra dé ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé wákàtí kan péré ni bàálù fi ń débẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ò pé.

Bí ẹyẹ ṣe ń fò, láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà dé ti Accra tó nǹkan bíi 400 kìlómítà. Ọ̀nà mọ́tò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 450, torí etí òkun ló ń tọ̀, ó ń gba Àgbádárìgì, Kútọnu àti Lomé. Àmọ́ kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń tánni ní sùúrù, bọ́dà ni. Mẹ́ta ni: Seme, Hillacondji àti Aflao. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fìwé hàn, ẹ tún máa dúró de ẹni tí ìwé tiẹ̀ ò pé. Ọkọ̀ tó bá ṣí l'Ékòó ní ìdájí lè má dé Accra títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ aago o. Aago Ghánà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Bí bàálù bá gbéra n'Íkẹjà ní aago 11, tó lo wákàtí kan lókè, aago 11 náà lẹ máa bá ní Accra! Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ẹ ti ń wọ bàálù ni wọ́n fi ń kọ ìgbéra, aago ìlú tí ẹ ń lọ ni wọ́n sì fi ń kọ ìbalẹ̀. Oòrùn ló fà á, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́kọ́ ń yọ. Ká sòótọ́, oòrùn Ìbàdàn fi bí ìṣẹ́jú 16 péré ṣíwájú ti Accra, àwọn ìjọba ló sọ ọ́ di odidi wákàtí. Ilẹ̀ Benin ń bá aago tiwa rìn, Tógò ń bá ti Ghánà, nítorí náà Hillacondji ni aago ti ń yí fún ẹni tó wọ mọ́tò.

Ohun tó mú èmi nìyẹn. Bàálù tí mo wọ̀ bọ̀ gbéra ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Mo ti ṣírò ẹ̀ pé aago 5 ni máa balẹ̀, tí máa sì tètè kúrò l'Ékòó. Nígbà tí a balẹ̀, aago 6 ti lù. Kí n tó rí ẹrù gbà, ilẹ̀ ti ṣú. Owó tó ṣẹ́ kù nínú owó ọjà obìnrin mẹ́ta wà lára mi, mo wá ń gun mọ́tò Ìbàdàn lóru ní ọ̀nà márosẹ̀. N ò sùn, n ò sọ̀rọ̀, títí a fi dé Tóògéètì. Wọ́n kúkú kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni ò wò ó.

Ẹ máa ka wákàtí yín láti ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹni tí bàálù rẹ̀ máa gbéra ní aago 11, kó ti kúrò ní Pópó Yemọja ní aago 5 ìdájí. Ìbàdàn sí Ìkẹjà ń gbà tó wákàtí méjì bí ọ̀nà bá dá, wọ́n sì ń fẹ́ kéèyàn dé wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Tí ẹ bá fi máa gba báàgì tán ní Accra, aago wa níhìn-ín á ti tó 1 ọ̀sán. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn, ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ lẹ fi wà lókè.

Ti ẹrù ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, báàgì kan tó wọn kìlógíráàmù 23 ni tíkẹ́ẹ̀tì ń gbà, owó ńlá sì ni wọ́n ń gbà lórí àlékún. Ní tèmi, ẹni tó fẹ́ lọ wo ọjà tàbí kó sanwó ni bàálù yẹ. Bẹ́ẹ̀lì aṣọ, ẹ jẹ́ kó máa gba ilẹ̀ bọ̀.

Ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí aago orí rẹ̀ ò yé e, kó mú un wá bá mi ní ìsọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, ká jọ kà á.