Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: «Mọ̀ọ́mọ̀» yàtọ̀ sí «dìídì»

Ní Djègan-Kpèvi, l'Àjàṣẹ́ wa níbí, Yorùbá, Gùn àti Faransé jọ ń gbé ni. Ní èdè Faransé, «exprès» lè dúró fún ọ̀rọ̀ méjèèjì. Yorùbá pín in sí méjì.

🔹 Mọ̀ọ́mọ̀: inú «mọ̀» ló ti wá. Ẹni náà mọ̀ kó tó ṣe é, ẹ̀bi ló sì sábà ń tẹ̀lé e: «Ó mọ̀ọ́mọ̀ da omi sí mi lára.»

🔹 Dìídì: ìpinnu ló wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ìyẹ́sí: «Ìyá, mo dìídì wá kí yín ni.»

🔹 Òdìkejì wọn ni ṣèèṣì: «Ẹ má bínú, mo ṣèèṣì tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ ni.»

Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹni tó mọ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe yàtọ̀ sí èèṣì yóò mọ ìgbà tó yẹ kó foríjì.